Ọwọ́ Wo Ni Yóò Gba Ọmọ Tí A Lé Kúrò Ní Ilé-Ẹ̀kọ́?

Ẹ̀yin ará wa, àti ní pàtàkì ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí, nítorí pé ó kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ Ìjọ wà lára ògiri wọn. Nígbà tí ọmọ kan bá ṣẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ náà sì tóbi, tàbí tí ó ti di àṣetúnṣe, kí ni ó tọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ láti ṣe sí i? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa mọ̀ kò ju méjì lọ: kí a dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó lọ jókòó sí ilé bàbá rẹ̀, bí kò bá sì yí padà, kí a lé e kúrò pátápátá, kí a ka orúkọ rẹ̀ sí etí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní àpéjọ òwúrọ̀, kí àwọn ìyókù lè bẹ̀rù. Mo fẹ́ bi yín léèrè bóyá ìdáhùn yìí tọ́, àti bóyá ó yẹ ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ.

Èmi kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọmọ wà tí ń jí owó ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn àgbà ọmọ wà tí ń fi ìyà jẹ àwọn kékeré nínú ilé-ìsùn nígbà tí iná bá kú. Ní ọjọ́ wa yìí, a sì ń gbọ́ nípa ọ̀bẹ àti nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn láàrin àwọn tí irùngbọ̀n kò tíì hù sí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ nínú yàrá kan ṣoṣo ní ọ̀sán gangan, kí ó má ṣe yára láti dá olùkọ́ lẹ́bi bí ó bá sọ pé, "Ẹ mú èyí kúrò lọ́dọ̀ mi." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó mú un lọ? A kì í sábà béèrè èyí, nítorí pé ní kété tí ọmọ náà bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ojú wa kò tó o mọ́, ohun tí ojú kò sì tó, a máa ń rò pé ó ti parí.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e dé ilé. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 14, tí ó mú owó ìdánwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpò, tí a sì rí i mú. Èmi kò fún un ní orúkọ, nítorí pé irú rẹ̀ wà ní ìlú gbogbo. A kọ ìwé lé e lọ́wọ́, a ní kí ó máa lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ ń ta ata ní ọjà, ó ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó padà wálé. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ náà sùn títí oòrùn fi kan àtàrí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó jáde lọ sí gáréèjì, ó dúró ti àwọn tí ń pe èrò sọ́kọ̀. Wọ́n rán an níṣẹ́, wọ́n sì fún un ní owó díẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ó mú owó náà lọ sí ilé tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù ìlú òkèèrè. Kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, ó ti ní olùkọ́ mìíràn, àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kì í sì í lé ọmọ padà. Nígbà tí ó padà dé ilé-ẹ̀kọ́, ìṣirò ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá tí kò gbọ́. Kò mọ ibi tí àwọn yòókù dé. Ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ rí mọ ohun tí ọmọ tí kò mọ ibi tí a dé máa ń ṣe ní ẹ̀yìn kíláàsì.

Owó ìdánwò náà ńkọ́? Nínú ìwé tí a kọ sí bàbá, a kọ ẹ̀ṣẹ̀, a kọ iye ọjọ́, a fi òǹtẹ̀ lù ú. A kò kọ ẹni tí yóò san owó náà padà fún ọmọ tí a jà lólè. Ọmọ tí a jà lólè yìí jókòó sí àyè rẹ̀, ó ń wo àga tí ó ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì sọ fún un pé a ti ṣe ìdájọ́. Kò sí ẹni tí ó mú olè náà jókòó kí ó gbọ́ bí ìyá ọmọ yìí ti yá owó náà, àti lọ́wọ́ ta ni ó ti yá a. Sákéù agbowó-òde, nígbà tí Olúwa wọ ilé rẹ̀, kò lọ fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dìde dúró lójú gbogbo ènìyàn, ó sì ka iye tí òun yóò san padà, ìlọ́po mẹ́rin. Ìdádúró tiwa kì í dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni.

Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni, pé ojú rere ni a ṣe fún ọmọ nígbà tí a gbà á wọlé, ẹni tí ó bá sì tẹ ojú rere mọ́lẹ̀ ni ó lé ara rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ yìí lè dúró nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù January ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀tọ́. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ dandan, òbí tí kò bá sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ ti rú òfin. Ní ìgbà àkọ́kọ́, a ó bá a wí; ní ìgbà kejì, a ó gba ₦2,000 lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáradára. Òfin ní kí a mú bàbá tí ó fi ọmọ rẹ̀ sílé. Ilé-ẹ̀kọ́ sì kọ̀wé sí bàbá kan náà pé kí ó fi ọmọ rẹ̀ sílé.

Ní ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí Ìjọ tún dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ti gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wa ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìdánwò mìíràn tún wà níbẹ̀. Owó ni a ń san ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, orúkọ rere ni ó sì ń mú owó wá. Èsì ìdánwò ìparí ni àwọn òbí ń wò kí wọ́n tó mú ọmọ wọn wá. Nítorí náà, ó rọrùn láti lé ọmọ tí ń dá wàhálà sílẹ̀, tàbí ọmọ tí yóò ba èsì jẹ́, ní ọdún tí ó ṣáájú ìdánwò náà, kí a sì pe èyí ní ìwà mímọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ilé-ìwòsàn tí ó bá ń lé gbogbo aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ le, ekukáká ni òkú yóò fi kú síbẹ̀. Èmi kò rò pé ẹnì kan nínú yín yóò gbé ìyá rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀.

Àwọn bàbá wa ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ. Àwọn ènìyàn wa máa ń ka òwe yìí bí ẹni pé àánú lásán ni ó ń sọ. Lójú tèmi, ó le ju àánú lọ. Ó gbà pé ọmọ lè burú. Kò sọ pé kí a máa rẹ́rìn-ín sí i. Ohun kan ṣoṣo ni ó kọ̀, èyíinì ni pé kí a tú ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ wa sí inú igbó níbi tí ohun tí ń jẹ ènìyàn ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣe wọn sì rí. Bí ọmọ bá ya pòkíì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí ń kẹ́ ẹ jù, a ó mú un lọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ẹni tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Tàbí kí a mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí ọ̀gá mìíràn, kí ó máa gbé ilé rẹ̀, kí ó máa jẹ nínú àwo rẹ̀. Ó kúrò ní ilé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó kúrò, a mọ ilé tí yóò sùn ní alẹ́, ẹni tí ó gbà á sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á.

Ìwé Mímọ́ kò jìnnà sí èyí. Míríámù, arábìnrin Mósè, sọ̀rọ̀ òdì sí Mósè nítorí aya tí ó fẹ́, ẹ̀tẹ̀ sì bò ó. Mósè gbàdúrà fún un. Síbẹ̀, a mú un jáde kúrò ní ibùdó fún ọjọ́ méje. Ìdádúró ni èyí. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Ọlọ́run kò fi àyè gba kí a ya ẹlẹ́ṣẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí kejìlá ìwé Númérì dé òpin rẹ̀. Gbogbo Ísírẹ́lì dúró ní Hásérótì fún ọjọ́ méje náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àwọn arúgbó, àwọn aláboyún, agbo ẹran, gbogbo wọn dúró nínú aṣálẹ̀ nítorí obìnrin kan tí ó jẹ̀bi, wọn kò sì ṣí kúrò níbẹ̀ títí a fi mú un wọlé padà. Wàyí o, ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ó ń dúró de ọmọ tí ó dá dúró? Ìṣirò kò dúró dè é, gírámà kò dúró dè é. Bí a bá fẹ́ máa dá ọmọ dúró bí a ti dá Míríámù dúró, kí a kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún un, kí ẹnì kan máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí olùkọ́ sì jókòó tì í ní ọjọ́ tí ó bá padà dé, láti mú un dé ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé kí wọ́n tó jọ máa lọ.

Nípa ìlékúrò pátápátá, ọ̀rọ̀ Jòhánù tí à ń pè ní Máàkù ni ó máa ń wá sí ọkàn mi. Ó bá Pọ́ọ̀lù àti Bánábà lọ sí ìrìn àjò wọn, nígbà tí wọ́n sì dé Pága ní Pámfílíà, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó padà sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún jáde lọ, Bánábà ní kí a mú un lọ; Pọ́ọ̀lù ní rárá, ẹni tí ó ti sá lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ bá wa lọ mọ́. Ìjà náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi pínyà. Àwọn oníwàásù máa ń fẹ́ kí a dá ọ̀kan nínú wọn lẹ́bi. Èmi kò rí ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú Pọ́ọ̀lù le, ẹ̀mí ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ọmọ yìí kò lè bá òun lọ. Ohun tí ó gba Máàkù là ni pé ní ọjọ́ tí Pọ́ọ̀lù jọ̀wọ́ rẹ̀, Bánábà ti na ọwọ́, ó sì mú un wọ ọkọ̀ lọ sí Kípírù. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ fún wa nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Kólósè pé ìbátan ni Máàkù àti Bánábà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì wà nínú ẹ̀wọ̀n, tí ó mọ̀ pé ọjọ́ òun kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ránṣẹ́ sí Tímótì pé kí ó mú Máàkù yìí kan náà wá, nítorí pé ó wúlò fún òun. Bí kò bá sí Bánábà, èmi kò mọ gáréèjì tí Máàkù ìbá wà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: pé ilé-ẹ̀kọ́ lè ya ọmọ sọ́tọ̀, ó sì lè sọ pé ọmọ kan kò lè dúró lọ́dọ̀ òun mọ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣí ọwọ́ kí ọwọ́ mìíràn tó gbà á.

Mo mọ ohun tí a ó fi dá mi lóhùn. A ó ní, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bàjẹ́, ṣé nítorí rẹ̀ ni ogójì yóò ṣe pàdánù? Ìbéèrè yìí tọ́, kì í sì í ṣe òǹrorò nìkan ni ó ń béèrè rẹ̀. Ìyá ọmọ kékeré tí a nà nínú ilé-ìsùn náà ń béèrè rẹ̀. Bí ọmọ kan bá mú ọ̀bẹ wá, tàbí tí ó fi ipá bá ẹlòmíràn lò, kí a mú un kúrò láàrin àwọn yòókù ní ọjọ́ náà gan-an, kí a sì pe ọlọ́pàá bí ọ̀rọ̀ bá tó bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní gbèjà ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọmọ tí a ṣe ní ibi sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú ẹni tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yín. Mélòó nínú àwọn tí a dá dúró ní ọdún tí ó kọjá ni ó mú ọ̀bẹ? Ọ̀pọ̀ jùlọ ni pípẹ́ dé, àìgbọràn sí olùkọ́, ìjà ọwọ́, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nínú àpò, fífo ògiri jáde. Ẹjọ́ tí ó ṣọ̀wọ́n ni a fi ń gbèjà òfin, ẹjọ́ ojoojúmọ́ ni a sì ń lò ó fún. Ní ti ogójì ọmọ tí ó kù, ẹ̀kọ́ ni àwọn náà ń kọ́ nígbà tí a bá ń lé ẹnì kan. Wọ́n ń kọ́ pé bí ènìyàn bá ti di ìnira, a lè jù ú nù. Àwọn ni yóò di ọ̀gá iṣẹ́, ọkọ, aya, àti alàgbà ìjọ lọ́la.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìjìyà pàápàá, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́jọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọdún 1983, ìdàrúdàpọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì ti Maiduguri, a sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Olórí ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun pàápàá sì wà lára àwọn tí ó fara gbá nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ní ọdún 1986 àwọn adájọ́ sì sọ ìlékúrò náà di asán, nítorí pé a kò gbọ́ tẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bí ó ti tọ́, àti pé ẹ̀sùn ọ̀daràn kì í ṣe ohun tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwọ̀nyí, tí wọ́n lè wá agbẹjọ́rò. Ọmọ ọdún 12 tí olùkọ́ fi ẹ̀sùn kàn, tí olùkọ́ kan náà jẹ́rìí sí i, tí olùkọ́ kan náà sì kọ ìwé lé e lọ́wọ́, ta ni yóò pe ẹjọ́ fún un?

Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní New Zealand, òfin ọdún 1989 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ní kí a máa pe ẹbí ọmọ tí ó ṣẹ̀, àti ẹni tí a ṣẹ̀, kí wọ́n jókòó yíká, kí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí ohun tí a ó ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn Māori, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, ni a ti rí ọgbọ́n yìí, ẹni tí ó bá sì ti rí baálé àti àwọn àgbà ilé níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ní agbolé wa kò ní ṣe àjèjì sí i. Ní ọdún 1994, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Queensland, ní Ọsirélíà, ọmọ kan lu ẹlòmíràn ní ìlù tí ó burú ní ibi ijó ilé-ẹ̀kọ́. Margaret Thorsborne, tí ó jẹ́ olùdámọ̀ràn níbẹ̀, pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fún wọn, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ó yẹ kí n sọ gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oògùn ajẹ́bíidán ni. Ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, a ṣe ìwádìí nínú ilé-ẹ̀kọ́ 44 fún ọdún méjì, a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lo ọ̀nà ìjókòó-yíká yìí, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń pàdánù nítorí ìdádúró dín kù, àwọn olùkọ́ sì jẹ́rìí pé àlàáfíà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà dé ìkẹjọ kò ṣe dáradára nínú ìdánwò wọn tó ti àwọn tí kò lò ó. Èmi rí i pé ohun tí ń gba àkókò ni, àkókò náà sì ní láti ti ibì kan wá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gbé e lé olùkọ́ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, láìfi olùrànlọ́wọ́ kún un, yóò rí ohun tí Pittsburgh rí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ 7,720 ni a lé pátápátá ní ọdún ẹ̀kọ́ 2016 sí 2017, ọ̀rọ̀ náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ní kí Edward Timpson wádìí rẹ̀. Ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù May ọdún 2019. Àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní London mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ìwé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ọmọ wọn bá ti ń lọ sí etí bèbè níbẹ̀, ilé ni wọ́n ń rán an wá, sọ́dọ̀ ìyá àgbà, tàbí sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń gbé. Àwọn kan ń yọ́ṣùtì sí wọn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn bàbá wa ni wọ́n ń lò: wọ́n wá ọwọ́ tí yóò gba ọmọ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni yóò jẹ́ bí ọmọ tí a rán láti London wá sọ́dọ̀ wa pé kí a bá wọn tọ́ bá dé ọwọ́ wa tí a sì lé e.

Àwọn kan nínú yín yóò ní ohun tí mo ń yí ká yìí, pàṣán ni. Pé kí a na ọmọ náà dáradára, kí ó sì padà sí kíláàsì. Èmi kò fara mọ́ ọn. Nǹkan kan náà ni pàṣán àti ìlékúrò ní ti pé àwọn méjèèjì yá, wọ́n sì ń gba àgbà lọ́wọ́ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì ni ẹgba mẹ́fà. Láti jókòó pẹ̀lú ọmọ kí a mọ ìdí tí ó fi jalè, kí a ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí a ṣètò bí yóò ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́fà láti san owó náà padà, kí a sì máa ṣọ́ ọ títí yóò fi san án tán, èyí gba oṣù méjì, ó sì gba sùúrù. Ìyẹn ni mo pè ní ìbáwí. Ọmọ náà kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ó le fún un ju ọ̀sẹ̀ méjì orun lọ.

Ọ̀kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò dá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fẹ́ kà á nínú ìwé ìjọ. Ọmọbìnrin tí ó bá lóyún ní ilé-ẹ̀kọ́ ni à ń lé kíákíá jùlọ. Ọmọkùnrin tí ó fún un lóyún lè wà ní kíláàsì kejì sí ti rẹ̀, kí ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀ parí. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀, ní kí a fún irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ní àyè láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Òfin ìjọba ni èyí. Ó yẹ kí ojú tì wá pé ìjọba ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ agbára àti owó. Ta ni yóò jókòó ti ọmọ tí a yà sọ́tọ̀? Olùkọ́ kò tó, èyí kì í ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé nígbà tí a mú ọmọ yìí wá sí ibi ìsàmì, àwọn onígbọ̀wọ́ dúró tì í. Wọ́n fi ẹnu ara wọn dáhùn ìbéèrè alùfáà nítorí rẹ̀, Ìwé Àdúrà sì pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n rí i pé a kọ́ ọ ní Ìgbàgbọ́ àti Àdúrà Olúwa àti Òfin Mẹ́wàá. Lẹ́yìn tí a ti jẹ ìrẹsì ọjọ́ náà tán, mélòó nínú wọn ni ó tún bi ọmọ náà léèrè? Ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ lè kọ orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ sínú ìwé ìgbawọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bàbá àti ìyá, kí a sì pè wọ́n pẹ̀lú àwọn òbí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ti ìjọ mìíràn, tàbí ọmọ Mùsùlùmí, òun náà ní àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tí a lè pè.

Ní àwọn ìjọ wa, àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì wà, tí ojú wọn ṣì ríran, tí ohùn wọn kò sì tíì rẹlẹ̀. Àwọn ìyá wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá tí wọ́n ti tọ́ ọmọ méje, mẹ́jọ. Gbọ̀ngàn ìjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ó ní àga, ó ní tábìlì, ó ní òrùlé tí kò jò. Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, títì ni a ń tì í. Ọmọ tí a bá dá dúró ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ lè mú ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀ dípò gáréèjì, bí ìgbìmọ̀ ìjọ bá lè fi ẹnu kò lórí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀.